Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Eegun Ọrùn: Ìpalára Tí Kì Í Tètè Hàn Lẹ́yìn Jàǹbá

Nígbà tí ọrùn ènìyàn bá ṣẹ́ nínú jàǹbá ọkọ̀, tàbí tí ẹrù wúwo bá gbé ènìyàn ṣubú, ohun méjì ni àwọn tó wà nítòsí, títí kan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, máa ń bẹ̀rù: eegun tó ṣẹ́, àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, ìyẹn okùn rírọ̀ tó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá, tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ènìyàn kì í sì í lè rìn mọ́ bí ó bá já. Ẹ̀rù méjèèjì ló tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà nínú ọrùn kan náà tí a kì í sábà béèrè, òun sì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé: iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó gba inú ihò ẹ̀gbẹ́ eegun ọrùn gòkè lọ sí ọpọlọ, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní vertebral artery. Bí eegun bá ṣẹ́ tàbí tí ó bá yẹ̀, iṣan yìí lè ya nínú, kí ẹ̀jẹ̀ sì dì sójú ibi tó ya, síbẹ̀ kí ẹni tó fara pa máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa fún wákàtí bíi mélòó kan, tàbí fún ọjọ́ bíi mélòó kan pàápàá, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Inú àkókò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oògùn tó lè dín ewu náà kù wà, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tí yóò fún ènìyàn ní oògùn ìpalára tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọrùn ènìyàn ní eegun méje tó to lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ agbárí dé èjìká, tí àwọn oníṣègùn sì ń kà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Eegun kọ̀ọ̀kan ní apá kékeré méjì tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, ihò kan sì wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Iṣan tí à ń sọ yìí yà kúrò lára iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá, ní ìsàlẹ̀ ọrùn; nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó fo ihò eegun keje dá, ó wọ ihò eegun kẹfà, ó sì gba ti ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì àti èkínní kọjá bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó bá yọ lókè eegun èkínní, ó yí sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé ẹ̀yìn eegun náà, ó lu awọ tó bo ọpọlọ, ó sì gba ihò ńlá tó wà nísàlẹ̀ agbárí wọlé, níbi tí tọ̀tún àti tòsì ti para pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn iṣan méjèèjì yìí ń gbé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Àwọn iṣan méjì tó wà níwájú ọrùn, tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lù kì-kì, ló ń gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdá kan yẹn ń lọ ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ. Ó ń bọ́ ìdí ọpọlọ, níbi tí àṣẹ mímí, gbígbé oúnjẹ mì, lílù ọkàn àti ìtají ti ń wá; ó ń bọ́ ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè dúró kí ó sì rìn láìfì sọ́tùn-ún fì sósì; ó sì ń bọ́ apá ẹ̀yìn ọpọlọ ńlá, tó ń sọ ohun tí ojú rí di ohun tí ènìyàn mọ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé níbẹ̀, bó tilẹ̀ kéré bí ẹyọ ẹ̀wà, fi lè gba ẹ̀mí ènìyàn tàbí kí ó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fi rọ́bà imú bọ́ lóúnjẹ.

Ẹlẹ́dàá fi eegun bo iṣan yìí kí nǹkan má baà tètè kàn án, ààbò náà sì dára níwọ̀n ìgbà tí eegun bá wà ní ipò rẹ̀. Nígbà tí eegun kan bá yọ́ síwájú lórí èkejì, ààbò yẹn gan-an ló ń di ewu, nítorí pé iṣan kò ní ibi tí yóò yà sí: ihò òkè ń fà á síwájú, ihò ìsàlẹ̀ dì í mú sẹ́yìn. Ọrùn òkè ló ṣẹlẹgẹ́ jù, nítorí pé láàárín eegun èkínní àti ìkejì ni nǹkan bí ìdajì gbogbo yíyí tí orí ń yí ti ń wáyé, iṣan sì ní láti máa bá a nà, kí ó máa bá a sún, nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá wo ẹ̀yìn. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé iṣan méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Tòsì ló sábà máa ń tóbi jù, àwọn ènìyàn kan sì wà tí ọ̀kan nínú méjèèjì tín-ín-rín débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ kankan. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kan bá dí, ti ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbé ẹrù iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń yè bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣe àwọn. Ẹni tí èyí tó tóbi bá dí nínú tirẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ nípa wíwo ojú lásán.

Kò sí ibi tí jàǹbá ọrùn kì í ti í ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan Ìdó ní Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1896 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin rélùwéè láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, àti láti 1901 tí Afárá Carter ti so ó mọ́ Erékùṣù Èkó, ibi tí ẹrù ń bọ́ sílẹ̀ ni Ìdó jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ní ibùdókọ̀ tirẹ̀ ní Alágọmejì láti 2021, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè, ṣùgbọ́n ọjà àti gáréèjì Ìdó kò tíì kúrò lójú ọ̀nà, ẹrù tó ti Òkè-Ọya wá kò sì tíì dẹ́kun láti máa kọjá lórí àwọn alábàárù.

Ọ̀nà tí alábàárù ń gbà ru ẹrù yẹ fún ìwòye fínnífínní. Àwọn méjì á gbé àpò sókè, òun á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, òṣùká á ti wà ní àtàrí rẹ̀, wọ́n á gbé àpò náà lé e, á sì na ọrùn ṣánṣán kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Àpò ẹ̀wà ńlá lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá dúró gangan, òòró ni ó ń tẹ eegun ọrùn, eegun sì lè fara dà á fún ìgbà pípẹ́. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tó yọ̀ ni ewu wà: lórí pátákó tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn tírélà, tàbí nínú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ẹsẹ̀ yọ̀, ara gba ọ̀tún lọ, ẹrù gba òsì lọ, orí bá ẹrù lọ, ọrùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló sì gba gbogbo agbára náà sára, ó tẹ̀, ó sì lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Títẹ̀ àti lílọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ báyìí wà lára ohun tó máa ń mú kí eegun ọrùn yẹ̀ lórí ara wọn, tó sì máa ń fa iṣan inú wọn ya.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtinúdá. Ní 1968, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Levy, tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, kọ̀wé nínú ìwé-ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn tí ẹrù orí ṣẹ́ lọ́rùn, ó sì fi orúkọ iṣẹ́ alábàárù gan-an sọ àìsàn náà. Ní Ghana, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994 fi hàn pé eegun ọrùn àwọn tó ń ru ẹrù lórí máa ń gbó ju ti àwọn tí kì í rù ú lọ. Ọrùn tó ti gbó tún ṣòro ju ọrùn ọmọdé lọ nígbà jàǹbá, nítorí pé eegun kéékèèké tó máa ń hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti há ihò iṣan, líle rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ó bani nínú jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn tó ń jẹun lára ọjà, alábàárù, tó ń fi ọrùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ jù, ni a kì í rántí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò ẹnu iṣẹ́.

Jàǹbá ọkọ̀ ló ṣì wà lókè nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwòsàn Nàìjíríà lórí ọrùn àti ẹ̀yìn tó fara pa, ìṣubú sì tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ danfo, àga ẹ̀yìn kò ní bẹ́líìtì, kò sì ga débi tí orí lè gbé rọ̀ ọ́, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ kan bá gbá a láti ẹ̀yìn, orí èrò á kọ́kọ́ já sẹ́yìn, á sì tún já síwájú. Ọ̀kadà náà ń fa irú jàǹbá bẹ́ẹ̀; láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Lagos Mainland, níbi tí Ìdó wà, àti Surulere jẹ́ méjì lára wọn. Ó kan Mushin náà kí ọdún yẹn tó parí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń forí sọ omi ọ̀sà níbi tí kò jìn wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀sà tí orí gbá kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ ojú títì.

Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ti inú ló sì tín-ín-rín jù. Nígbà tí ọrùn bá nà tàbí tó lọ́ kọjá ààlà, ìpele inú yìí máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ̀jẹ̀ á ráyè wọ àárín rẹ̀ àti ìpele tó tẹ̀ lé e, á máa ya wọ́n kúrò lára ara wọn, ògiri á wú sínú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì máa há. Ara á wá ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo ọgbẹ́: á mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lójú ọgbẹ́ ìka, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwòsàn. Nínú iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ, òun gan-an ni ìdààmú, nítorí pé bí èérún rẹ̀ bá já, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ títí yóò fi dé iṣan tó kéré jù ú lọ nínú ọpọlọ, yóò sì dí i pa. Nígbà mìíràn, ògiri tó ti rọ máa ń wú síta. Nígbà mìíràn, iṣan á dí pátápátá. Ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó já kanlẹ̀.

Walter Biffl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver, ní Amẹ́ríkà, pín ìpalára yìí sí ìpele márùn-ún ní 1999, láti orí ògiri tó kàn rí gbágungbàgun dé orí iṣan tó já, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú síta, ìpín yẹn náà sì ni wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ohun tí ẹgbẹ́ kan náà kọ ní 2000 ló yẹ kí ó gba àfiyèsí jù. Nínú ènìyàn 38 tí iṣan inú eegun ọrùn wọn fara pa láìsí ọgbẹ́ ọ̀bẹ tàbí ti ìbọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, 8 nínú 100 sì kú nítorí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní ìpalára eegun ọrùn pẹ̀lú. Ìpele tí ìpalára wà kò sì fi ẹni tí rọpárọsẹ̀ máa kọlù hàn. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí dókítà tó yẹ kí ó wo yíya kékeré kí ó sì sọ pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé gbọ́ nípa iṣan yìí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 2014, bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì gbá Phillip Hughes, ọmọ Australia, lọ́rùn lórí pápá ìṣeré Sydney, ní ibi tí àṣíborí rẹ̀ kò bò. Iṣan inú eegun ọrùn rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ, ó ṣubú lójú ẹsẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó pé ọdún 26. Ikú rẹ̀ jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé iṣan náà wà, ṣùgbọ́n ó tún lè ṣì wọ́n lọ́nà, nítorí pé irú ìṣubú ojú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó wọ́pọ̀ ni ẹni tó dìde nínú jàǹbá, tó ń dáhùn ìbéèrè, tí ọrùn ń dùn, tí a fi kọ́là sí lọ́rùn, tí rọpárọsẹ̀ sì kọlù láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ẹbí ti ń dúpẹ́ pé kò sí ewu mọ́.

Àwọn àmì náà kò jọ rọpárọsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, èyí tí apá kan ara máa ń rọ. Òòyì tí kò lọ, èébì, rírí ohun kan ní méjì, ohùn tó yí padà tàbí ahọ́n tó wúwo, oúnjẹ àti omi tó ń gba ibòmíràn lọ, òsúkè tí kò dáwọ́ dúró, ìrìn tó ń fì, ìpéǹpéjú kan tó wá sílẹ̀, àti ìrora líle ní ìpàkọ́ lápá kan wà lára wọn. Adolf Wallenberg, dókítà ọmọ Jámánì, ṣàlàyé ọ̀kan nínú wọn ní 1895, tó ṣàjèjì púpọ̀ sí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ojú aláìsàn á kú tipiri ní apá kan, ara rẹ̀ á sì kú tipiri ní apá kejì, tí kò fi ní mọ ìgbóná mọ́ òtútù. Ẹni tí irú nǹkan báyìí bá ṣe lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tó ti ń rìn kiri, tó ti ń jẹun, kò yani lẹ́nu bí àwọn ènìyàn bá sọ pé ayé ló ṣe é, tàbí pé ìbà ló wọ̀ ọ́ lára, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ní tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kí a fi èrò bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, nítorí pé àlàfo ọjọ́ mẹ́ta tó láti fi gé okùn tó so àìsàn mọ́ jàǹbá lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wákàtí tí wọ́n bá lò lórí àlàyé mìíràn ni ọpọlọ ń pàdánù.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì. Àánú ló ń mú kí àwọn èrò fa ẹni tó há sínú ọkọ̀ yọ ní apá, kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n bu omi fún un, kí wọ́n sì tì í sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú orí tó ń mì. Àánú náà ló lè parí ohun tí jàǹbá kò parí. Bí iná kò bá jó, bí omi kò bá ń gbé ọkọ̀ lọ, tí ọkọ̀ mìíràn kò sì fẹ́ gbá wọn, ibi tí ó wà ni kí ó wà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sókè orí rẹ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí mú lẹ́bàá etí, kí imú rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ìdodo, kí ó má fà á, kí ó má yí i, kí ó sì sọ fún un pé kó má mi orí bó bá ń dáhùn. Kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767, tí kò gba owó, tí àwọn ọkọ̀ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó sì ń dáhùn sí. Bí wọ́n bá ní láti gbé e, kí àwọn mẹ́rin ó kéré tán gbé e lẹ́ẹ̀kan náà sórí pátákó tó tẹ́jú, kí ẹni tó di orí mú sì jẹ́ ẹni tí yóò máa ka iye fún àwọn yòókù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; orí àgbàlagbà tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ kò le ju ti ọmọ tuntun lọ ní wákàtí yẹn.

Ẹni tó fara pa lọ́rùn kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun kí wọ́n fà á tàbí kí wọ́n lọ́ ọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ ní ọrùn nítorí pé ó ń ro ó. Àwọn tí ń to eegun ní ọwọ́ tó dára lórí apá àti ẹsẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọrùn kò dà bí ẹsẹ̀. A ti kọ àkọsílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nípa iṣan yìí tó ya nítorí pé wọ́n fi agbára lọ́ ọrùn tí kò tilẹ̀ ṣẹ́.

Ní ilé-ìwòsàn, X-ray ọrùn á fi eegun hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn rárá. Síkáànì lásán á fi ihò ẹ̀gbẹ́ eegun tó ṣẹ́ hàn, èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀ ńlá. Ohun tó ń fi iṣan fúnra rẹ̀ hàn ni síkáànì tí wọ́n gún omi aláwọ̀ sí iṣan apá kí wọ́n tó yà á, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CT angiography: omi náà á bá ẹ̀jẹ̀ gòkè, ẹ̀rọ á ya ọrùn ní ègé tín-ín-rín lọ́kọ̀ọ̀kan, dókítà á sì máa tọ iṣan náà láti ihò kan sí èkejì, á máa wò bóyá ó há, bóyá ó wú, bóyá ó ti parẹ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún ni ẹni tí ọ̀kan nínú eegun mẹ́ta òkè ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí ṣíṣẹ́ náà gba inú ihò iṣan, ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀ kúrò ní ipò, àti ẹni tí àmì ara rẹ̀ kò bá ohun tí àwòrán ọpọlọ fi hàn mu. Bí wọ́n bá ti ń gbé aláìsàn lọ fún síkáànì ọrùn tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n béèrè fún ti iṣan, kí wọ́n kọ́kọ́ wo kíndìnrín rẹ̀, nítorí pé omi aláwọ̀ náà lè ni kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn lára.

Ìdó kò jìnnà sí ìtọ́jú. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, tó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tẹ́lẹ̀, kò jìnnà; LUTH, ilé-ìwòsàn yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà; ilé-ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ó sì ti di ibi tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbé eegun tó ṣẹ́ lọ. Ọdún 1962 ni Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, dé sí UCH, ilé-ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, láti Amẹ́ríkà, àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti pọ̀ káàkiri. Ìmọ̀ wà. Owó ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹbí ni wọ́n sábà máa ń ní kó san owó síkáànì kí wọ́n tó yà á. Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé abala 20 nínú òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò gba ilé-ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà ní ìdójútòfò, ti ìpínlẹ̀ Èkó tó ń jẹ́ Ìlera Èkó sì ṣí sílẹ̀ fún ọlọ́jà àti fún alábàárù bákan náà.

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni ásípíríìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì; ní ibi tí agbára bá wà, wọ́n lè kọ́kọ́ fi heparin sí iṣan apá. Ìrírí àwọn ilé-ìwòsàn tó ń wá ìpalára yìí kiri fi hàn pé rọpárọsẹ̀ dín kù gidigidi lára àwọn tí wọ́n tètè fún ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ásípíríìn ní kẹ́míìsì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú jàǹbá, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú ọpọlọ tàbí nínú ikùn, oògùn kan náà á pa á. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́-abẹ, dókítà eegun àti dókítà pàjáwìrì fi gbọ́dọ̀ jọ pinnu wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀, ní pàtàkì bí wọ́n bá fẹ́ fi irin fa orí láti dá eegun tó yẹ̀ padà sípò, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi skúrùù so ọrùn pọ̀. Bí wọ́n bá dá eegun padà, iṣan tó ti dí lè ṣí, kí ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ sì gba ọ̀nà ọpọlọ lọ. Ẹni tó bá ti mọ ipò tí iṣan wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ á mọ bí òun ṣe máa rọra ṣe é, kò sì ní lu ihò níbi tí iṣan kan ṣoṣo tó kù gbà.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, wọ́n á tún ya àwòrán iṣan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, yíya kékeré á ti san, wọ́n á sì dá oògùn dúró. Nínú àwọn mìíràn, oògùn á máa bá a lọ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí wọ́n tó tún un wò, àwọn tí ògiri iṣan wọn sì ń wú sí i ni wọ́n máa ń gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ti inú iṣan ṣe. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, alábàárù kò gbọdọ̀ ru ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ lè máà dùn ún mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ohun tó yẹ kí dókítà sọ fún un, ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni orúkọ iṣan tó ya, ẹ̀gbẹ́ tó wà, orúkọ oògùn rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé tí yóò mú dání, nítorí pé bí òòyì bá dé lóru tàbí tí ahọ́n bá wúwo, dókítà mìíràn ni yóò pàdé ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ pé ọrùn yẹn ti ṣẹ́ rí.